"Ọ̀mùtí" Kì í Ṣe Orúkọ Àbísọ Ẹnikẹ́ni

Ní ilẹ̀ Òkun, ìkíni ni ó sọ odidi ènìyàn lórúkọ. Láti Kàbà dé Ìjùmú, láti Búnú dé Òwòrò àti gbogbo Ìyàgbà, bí ẹni méjì bá pàdé ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán tàbí ní alẹ́, "Òkun o" ni wọn yóò fi kí ara wọn. Nígbà tí àwọn aládùúgbò sì ti gbọ́ ọ títí, wọ́n sọ ọ́ di orúkọ fún gbogbo wọn. Ohun tí a ń sọ sí ènìyàn létí lójoojúmọ́ ni ó ń di orúkọ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ rere kan bá lè di orúkọ fún ẹ̀yà márààrún, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè pé kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní "ọ̀mùtí" láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tàbí èyí tí wọ́n ti sọ ní "amugbó" kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí kò ju èyí lọ: pé ẹni tí ọtí tàbí oògùn olóró ti mú kì í ṣe ọtí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe oògùn olóró; àti pé ọ̀nà kan wà, èyí tí à ń pè ní àṣàrò, tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ fi lè rí àlàfo tí ó wà láàrin òun àti ohun tí ó mú un. A kò sọ pé ọ̀nà yìí nìkan ni ó wà, a kò sì sọ pé ó rọrùn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń ṣe sí àwọn wọ̀nyí ní ilé, ní ilé-ìwé, ní ilé ìsìn àti ní ìpàdé òṣèlú ni ó ń dí àlàfo náà pa.

BÍ Ọ̀RÀN NÁÀ TI TÓBI TÓ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìpáǹle díẹ̀ ni à ń sọ. Ní ọdún 2018, àjọ tí ó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ àti ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ó ń rí sí oògùn olóró ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2019, a rí i pé nínú àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 15 sí 64, àwọn tí ó tó mílíọ̀nù 14.3 ni wọ́n ti lo oògùn olóró láàrin ọdún kan ṣoṣo, láì ka ọtí àti tábà mọ́ ọn. Èyí jẹ́ bí ẹnìkan nínú ènìyàn méje. Igbó ni ó pọ̀ jù lọ, àwọn tí ó ń mu ún sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́wàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn oògùn apàrora bíi tramadol àti codeine, tí àwọn ènìyàn mílíọ̀nù 4.6 ń lò láìsí àṣẹ oníṣègùn. Nínú ẹni márùn-ún tí ó ń lo oògùn wọ̀nyí, ẹnìkan ti wọ inú ìdààmú tí ó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ẹkùn gúúsù ìwọ̀-oòrùn, èyíinì ni ilé àwọn ìbátan wa, ni ìwádìí náà ti rí i pé ó pọ̀ jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Kàbà sì wà ní oríta. Ọ̀nà kan ti ibẹ̀ lọ sí Lọ́kọ́jà, òmíràn lọ sí Òkènè, òmíràn gba Ìyàgbà lọ sí apá Ìlọrin, òmíràn sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ àti Ọ̀wọ̀. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó sìmẹ́ǹtì láti Ọ̀bàjánà ń gba àgbègbè náà kọjá tọ̀sán-tòru. Gbogbo ẹni tí ó mọ ibùdókọ̀ ní ilẹ̀ yìí ni ó mọ ohun tí à ń wí. Awakọ̀ tí kò sùn láti àná yóò wá ohun tí yóò la ojú rẹ̀. Ọmọ tí ń ru ẹrù yóò wá ohun tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn dùn ún. Ẹni tí ó ti parí ìwé tí kò rí iṣẹ́ yóò wá ohun tí yóò mú un gbàgbé. Páràgà wà nínú ìgò, ọtí líle wà nínú ọ̀rá kékeré, tramadol wà nínú àpò ẹni tí kì í ṣe apòògùn. Lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ mu ún, olùrànlọ́wọ́ ni ohun wọ̀nyí. Bí ó bá di oṣù mélòó kan, olùrànlọ́wọ́ ti di ọ̀gá.

ÒFIN LẸ́NU IBODÈ

Ilẹ̀ Òkun ti mọ òfin ọtí tipẹ́tipẹ́. Ní ọdún 1890 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels, èyí tí ó fi òpin sí títa ọtí líle òkèèrè ní apá ibi púpọ̀ nínú ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dá ìjọba Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọdún 1900, wọ́n fi òfin de títa ọtí bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilẹ̀. Abẹ́ Àríwá ni Kàbà wà. Nítorí náà, ààlà kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ìlú tí jíìnì ti jẹ́ ọjà gbangba àti ìlú tí ó ti jẹ́ ẹrù òfin, bẹ́ẹ̀ ni èdè kan náà ni wọ́n ń sọ ní ìhà méjèèjì. Ṣùgbọ́n òfin náà kò dá ẹmu ọ̀pẹ dúró, kò sì dá ọtí ọkà bàbà dúró, nítorí pé a kì í ra ìwọ̀nyí ní etí òkun.

Ní àkókò tiwa, a tún ti rí òfin. Ní oṣù May ọdún 2018 ni ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ṣíṣe omi-oògùn ikọ́ tí codeine wà nínú rẹ̀ àti kíkó o wọlé. Ní oṣù February ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin tí ó de ọtí inú ọ̀rá, kí wọ́n tó tún sún ọjọ́ náà síwájú. Àjọ NDLEA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ń mú àwọn tí ń ta oògùn olóró, ó sì ń sun igbó nínú oko.

Òfin dára. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò ní kí á ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ nítorí pé olè ti wọlé rí. Ṣùgbọ́n òfin a máa dúró lẹ́nu ibodè. Kì í bá ènìyàn wọ inú yàrá ní agogo méjì òru, nígbà tí ara ń gbọ̀n tí ọ̀fun sì ń gbẹ. Ní wákàtí náà, ohun tí ó bá wà nínú ẹni fúnra rẹ̀ ni yóò fi jà.

OHUN TÍ ÈDÈ WA TI MỌ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà, ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn mélòó kan. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Oorun ń kùn mí. Òtútù ń mú mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ta ni olùwà nínú àwọn gbólóhùn wọ̀nyí? Ebi ni, òùngbẹ ni, oorun ni, òtútù ni, ẹ̀rù ni. Kí ni "mí" jẹ́ níbẹ̀? Àbọ̀ ni. Àwọn baba wa kò sọ pé àwọn ni ebi. Wọ́n wo ebi gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti ìta wá, tí ó ń ṣe nǹkan kan sí wọn, tí yóò sì lọ. Bí ẹnìkan bá mu àmuyíràá, a kì í sọ pé ó ti di ọtí. Ohun tí à ń sọ ni pé ọtí ń pa á. Olùpa wà lọ́tọ̀, ẹni tí a ń pa wà lọ́tọ̀.

Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Láti kékeré ni ọmọ Yorùbá ti ń sọ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n kì í sábà dúró rò ó. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti ń fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn aláìsàn, pé ìfẹ́ ọtí jẹ́ ohun kan tí ń wá sọ́dọ̀ ènìyàn, pé kì í ṣe ènìyàn náà fúnra rẹ̀, ó ti wà nínú èdè ìyá wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n èdè wa kan náà ní ọ̀nà mìíràn. Bí a bá fi àfòmọ́ kan síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ìṣe yóò di ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ń kọ ìwé di akọ̀wé; ẹni tí ń ṣọ́ ọgbà di aṣọ́gbà. Èyí dára fún iṣẹ́, nítorí pé ènìyàn ni ó yan iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà sì jẹ́ iyì fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ọtí mú, a ti so okùn tí kò sí tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ibà ń ṣe tí a fi ibà sọ lórúkọ títí ayé. Ọ̀mùtí, amugbó, ọmọ ìta: nígbà tí ó bá ti gbọ́ ọ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà, òun pẹ̀lú yóò máa fi pe ara rẹ̀. Bí ó bá sì ti gbà pé èyí ni òun jẹ́, báwo ni yóò ṣe fi í sílẹ̀? Ta ni ó lè fi ara rẹ̀ sílẹ̀? Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ń ro ènìyàn.

KÍ NI ÀṢÀRÒ?

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Òun ni àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa lò nínú ìwé Orin Dáfídì. Àwọn Mùsùlùmí pẹ̀lú mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ènìyàn jókòó jẹ́ẹ́, kí ó máa fa tẹ̀súbáà, kí ọkàn rẹ̀ sì wà lójú kan. Àwọn baba wa tí wọ́n ń bá orí wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó jáde ní òwúrọ̀ kò jìnnà sí i. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sá pé ẹ̀sìn àjèjì ni a fẹ́ mú wọlé.

Ní ọdún 1979, Jon Kabat-Zinn, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn aláìsàn tí ìrora wọn kò lọ pé kí wọ́n máa jókòó, kí wọ́n máa kíyè sí èémí wọn àti ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn láì bá a jà. Láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni ó ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó. Alan Marlatt, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Washington, mú ọ̀nà yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ọtí àti oògùn mú. Ó kọ́ wọn pé ìfẹ́ ọtí dà bí ìgbì òkun: yóò ru sókè, yóò dé góńgó, yóò sì wálẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní bá ìgbì jà, kò sì ní jẹ́ kí ó gbé òun mì.

Èso iṣẹ́ náà kò fara sin. Ní ọdún 2011, Judson Brewer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí àwọn amusìgá 88. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní àṣàrò, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kọ́ àwọn yòókù. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún, àwọn tí ó ti fi sìgá sílẹ̀ nínú àwọn aláṣàrò jẹ́ 31 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn yòókù, 6 péré ni. Ní ọdún 2014, Sarah Bowen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé ti àwọn ènìyàn 286 jáde, àwọn tí wọ́n ti gba ìtọ́jú nítorí ọtí àti oògùn. Lẹ́yìn ọdún kan, iye ọjọ́ tí àwọn tí a kọ́ ní àṣàrò fi padà sídìí oògùn tàbí ọtí àmujù kéré sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ẹ kíyè sí i pé a kò sọ pé gbogbo wọn ni ó bọ́. Ọ̀pọ̀ kò bọ́. Ohun tí a sọ ni pé àwọn tí ó ní àlàfo díẹ̀ láàrin ara wọn àti ìfẹ́ wọn dúró ju àwọn tí kò ní i lọ.

BÍ A TI Ń ṢE É

Kí ẹni náà jókòó sí ibi tí ó dákẹ́, kí ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, kí ó sì máa kíyè sí èémí rẹ̀ bí ó ti ń wọlé tí ó sì ń jáde. Ọkàn rẹ̀ yóò ṣáko lọ. Kí ó rọra dá a padà láì bú ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó máa ṣe é lójoojúmọ́ nígbà tí ara bá balẹ̀, nítorí pé a kì í dúró di ọjọ́ ogun kí á tó kọ́ ọfà títa.

Nígbà tí ìfẹ́ náà bá dé, nítorí pé yóò dé, kí ó má sá fún un, kí ó má sì tẹ̀ lé e. Kí ó jókòó, kí ó wá a kiri nínú ara rẹ̀ bí ẹni tí ń wá àlejò tí ó yọ́ wọlé. Ṣé inú ọ̀fun ni ó wà? Ṣé àtẹ́lẹwọ́ ni ó ń làágùn? Ṣé àyà ni ó fún? Ṣé ẹsẹ̀ ni ó ti ń yán hànhàn fún kọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń tà á? Nígbà tí ó bá ti rí i, kí ó sọ ọ́ ní odidi gbólóhùn, bí àwọn baba wa ti kọ́ wa: "Òùngbẹ ọtí ń gbẹ mí." Kí ó má sọ pé, "Ọ̀mùtí ni mí, kí ni mo tún lè ṣe?" Kí ó máa wò ó. Yóò le sí i, yóò sì dà bí ẹni pé kò ní tán. Lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Àwa tí a jìnnà sí etí òkun lè má mọ ìgbì, ṣùgbọ́n a mọ ọyẹ́. Ní oṣù December, bí ènìyàn bá jí ní Kàbà, kùrukùru ọyẹ́ lè bo àwọn òkè àyíká débi pé àjèjì yóò búra pé kò sí òkè níbẹ̀. Bí oòrùn bá gòkè, òkè yóò tún fara hàn. Òkè kò bá ọyẹ́ jà, bẹ́ẹ̀ ni òkè kò di ọyẹ́. Ẹni tí ó ń wo ìfẹ́ ọtí nínú ara rẹ̀ yóò rí ohun kan bí ó pẹ́ bí ó yá: bí mo bá lè wò ó, ó ní láti jẹ́ pé èmi kọ́ ni. Ta ni ó ń wò ó nígbà náà? Ẹni tí wọ́n sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ ni.

Níhìn-ín ni a ti fẹ́ fi ohun kan kún un láti inú ilé tiwa. Nígbà tí ìfẹ́ náà bá ti rọ̀, kí ẹni náà pe orúkọ ara rẹ̀, kí ó sì ki oríkì rẹ̀ sókè tàbí nínú ọkàn. A mọ ohun tí oríkì ń ṣe. Ìyá fi ń tu ọmọ tí ń sunkún nínú, ìyàwó fi ń pàdé ọkọ tí ó ti oko dé, orí a sì máa wú. Bí ọtí ti ń mú kí ènìyàn gbàgbé ara rẹ̀ ni oríkì ń rán an létí ara rẹ̀.

ÌTÀN ILẸ̀ ÒKUN FÚNRA RẸ̀

Àwọn ará Òkun kò nílò kí á lọ jìnnà kí wọ́n tó mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ènìyàn àti ohun tí ó mú un. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Nupe láti Bida ń kó wọn lẹ́rú ní ọdọọdún, wọ́n sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ àwọn ìlú gẹ́gẹ́ bí owó òde. Ní oṣù January ọdún 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company, tí George Goldie kó, wọ Kàbà kí wọ́n tó kọjú sí Bida. Ní oṣù June ọdún náà, ilé-iṣẹ́ yìí kéde pé òfin kò mọ ẹrú mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Òwò wọn ni wọ́n ń ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a ti kó lọ rí ọ̀nà padà sílé.

Ẹ jẹ́ kí á ro ó wò. Ẹni tí wọ́n gbé lọ ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó sìn fún ogún ọdún, ṣé ẹrú ni orúkọ rẹ̀? Ní Bida, bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ní agboolé rẹ̀ ní Búnú tàbí ní Ìyàgbà, orúkọ kan wà tí ìyá rẹ̀ ṣì ń fi sunkún. Orúkọ náà ni ọ̀nà tí ó gbà padà. Àwọn àgbà ní bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Bí ilé bá ti gbàgbé orúkọ rẹ̀, kí ni yóò padà sí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí fún ọmọ tí tramadol mú. Ó wà ní ìgbèkùn. Bí àwa ará ilé bá ti fi orúkọ ìgbèkùn rọ́pò orúkọ àbísọ rẹ̀, a ti dí ọ̀nà mọ́ ọn.

ÀWỌN TÍ YÓÒ BÁ WA JIYÀN

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá ní ọtí kọ́ ni ènìyàn náà, a ti fún un ní àyè láti sá fún ẹ̀bi: yóò jí owó ìyá rẹ̀, yóò sì ní ọtí ni ó jí i. Ó tì o. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun ni onílé ni ó lè lé àlejò búburú jáde. Ẹni tí ó rò pé òun ni àlejò náà kò lè lé ẹnikẹ́ni. Gbèsè tí ó jẹ, kí ó san án. Ẹni tí ó ṣẹ̀, kí ó bẹ̀ ẹ́. Onílé ni ó ń san gbèsè.

Àwọn mìíràn yóò rán wa létí ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous, tí a dá sílẹ̀ ní Akron ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń dìde láàrin ìpàdé láti jẹ́wọ́ pé ọ̀mùtí ni àwọn. A kò bá wọn jà, nítorí pé ẹni tí ó bá ń sẹ́ àrùn rẹ̀ kò ní wá ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ tí ènìyàn fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yàtọ̀ sí èébú tí a sọ lù ú ní títì. Bí a bá sì ka àwọn ìgbésẹ̀ méjìlá wọn, a ó rí i pé ìkọkànlá ní kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa ṣe àṣàrò.

A tún ní ìkìlọ̀ kan láti ṣe, kí a má bàa fi àìmọ̀ pa ènìyàn. Ẹni tí ó ti ń mu ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún púpọ̀ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí oníṣègùn. Gìrì lè mú un, iyè rẹ̀ lè rá, ó sì lè kú. Tramadol pẹ̀lú ń fa gìrì, fífi í sílẹ̀ sì ní ìrora tirẹ̀. Àṣàrò kò rọ́pò dókítà. Kí a kọ́kọ́ gba ìtọ́jú. Àṣàrò yóò wá ṣọ́ ilé tí a ti gbà padà.

OHUN TÍ LAMBO FI HÀN WÁ

Ní ọdún 1954, ní Arọ̀ lẹ́bàá Abẹ́òkúta, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ṣe ohun tí gbogbo ayé wá wò. Dípò kí ó ti gbogbo àwọn tí orí wọn dàrú mọ́lé, ó fi wọ́n sí ilé àwọn ará abúlé àyíká pẹ̀lú ìbátan wọn. Wọ́n ń wá gba ìtọ́jú ní ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sáàrin ènìyàn ní alẹ́, kí wọ́n dáná, kí wọ́n ṣeré, kí wọ́n lọ sí oko. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ohun tí ó mọ̀ ni pé aláìsàn tí ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹnìkan, ọkọ ẹnìkan, aládùúgbò ẹnìkan, ti ní ìdajì ìwòsàn rẹ̀. Lónìí, ilé ìwòsàn Arọ̀ ní ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú àwọn tí oògùn olóró mú. Ṣùgbọ́n Arọ̀ jìnnà sí Kàbà, bẹ́ẹ̀ náà ni Yaba, Benin àti Kàdúná. Ní oṣù January ọdún 2023 ni òfin ìlera ọpọlọ tuntun rọ́pò èyí tí a ti ń lò láti ọdún 1958. Ó yẹ kí àwọn aṣojú wa máa bèèrè lójoojúmọ́ ibi tí òfin náà dé ní ilẹ̀ Òkun.

IṢẸ́ TI WA

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni orúkọ púpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá mú ọmọ kan pẹ̀lú igbó lẹ́yìn ilé-ìwé, ẹ bá a wí, ẹ pe àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi igbó sọ ọ́ lórúkọ níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí a lé jáde ní ilé-ìwé kì í fi igbó sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti ń mu ún ni yóò lọ tààrà. Ẹ sì wo bóyá a lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí gbogbo ọmọ dákẹ́, kí wọ́n kọ́ láti wo ìbínú, ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ bí wọ́n ti ń wá tí wọ́n sì ń lọ. Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ̀gbẹ́ yòówù kí ó jẹ́, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà ìdìbò. Ta ni ó ń ra ọtí fún àwọn ọmọkùnrin tí ń jó níwájú ọkọ̀? Ta ni ó ń fún wọn ní ohun tí yóò mú kí ẹ̀rù má bà wọ́n mọ́? Bí ìdìbò bá ti parí, olóyè lọ sí Abuja tàbí Lọ́kọ́jà, ọmọ náà sì kù sí ibùdókọ̀ pẹ̀lú òùngbẹ tí kò ní tán pẹ̀lú ìdìbò. Nígbà tí ó bá di ọdún kejì, ẹni tí ó fún un ní ohun mímu náà ni yóò kọ́kọ́ pè é ní ọmọ ìta. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí á gbà pé òun fẹ́ràn ọ̀dọ́, kí ó fi ọwọ́ kúrò nínú àṣà yìí ní gbangba, kí ó sì lé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá rú u.

Àwa gbogbo yòókù, iṣẹ́ wa kéré, kò sì nílò owó. Nígbà tí a bá tún pàdé ọmọ náà lábẹ́ igi ní ibùdókọ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kí á pe orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́, kí á sì kí i bí a ti ń kí gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ wa: Òkun o.